Mo fẹ́ lẹ kóòdù QR mọ́ àdìrẹ: kí ni kó wà nídìí rẹ̀?

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Màmá mi ni wọ́n ń rẹ ẹ́, èmi ni mò ń bá wọn wá oníbàárà ní Èkó, ní Àbújá àti lókè òkun. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà báyìí. Ẹni tí kò bá mọ aṣọ, kò lè fojú dá a mọ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé "ṣé ojúlówó ni?" Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu ń ro mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe kóòdù QR, kí n rán an mọ́ etí aṣọ. Bí èèyàn bá fi fóònù skáànì rẹ̀, kí Gbọ̀ngàn Mápó dìde fìrì lórí aṣọ Ìbàdàndùn, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn náà sí, kí màmá mi máa sọ ìtàn rẹ̀. Ó ní AR ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, àwòrán tí fóònù máa ń gbé lé orí ohun tó wà níwájú ẹni. Ẹnì kan ti dá owó rẹ̀ fún mi, owó náà ju èrè oṣù méjì lọ. Kí n tó náwó ọmọ mi dànù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ló máa ń bàjẹ́ nínú ẹ̀?

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ kú ọjà, àǹtí. Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé, ti ínkì àti páálí ni mo mọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n kọ̀ǹpútà á bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ rẹ kóòdù náà sínú aṣọ. Oníbàárà mi kan dán an wò lọ́dún tó kọjá. Ó fi ẹ̀kọ, tí kì í jẹ́ kí aró wọlé, ya kóòdù sójú aṣọ kó tó rì í sínú aró. Ó wu ojú! Fóònù mẹ́ta la gbé sí i, ọ̀kan ṣoṣo ló kà á, òun náà sì jà fitafita. Dúdú lórí funfun ni QR fẹ́. Èyí tó bá jẹ́ funfun lórí aró, fóònù kan á kà á, òmíràn á kàn máa wò ó ṣáá. Ẹ̀kọ tún máa ń sán bó bá gbẹ, aró á gba ojú sísán yẹn wọlé, etí àwọn àpótí kéékèèké inú kóòdù ò sì ní gún mọ́. Ohun tó ń bu ẹwà kún àdìrẹ gan-an ló ń ba kóòdù jẹ́.

Páálí tí ẹ máa so mọ́ aṣọ ló dára jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rán an mọ́ ọn, ẹ lo ríbọ́ọ̀nù funfun tí wọ́n máa ń kọ bí a ṣe ń fọ aṣọ sí. Ínkì dúdú o, kì í ṣe búlúù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdìrẹ máa ń ṣí nígbà àkọ́fọ̀, ríbọ́ọ̀nù funfun yẹn á di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Dúdú á ṣì hàn lórí ẹ̀, búlúù á wọlé sínú búlúù.

Kó má kéré sí sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú lóròó. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ńlá kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi 10 pín ibi tí èèyàn máa dúró sí: ẹni tó wà ní mítà 3 nílò kóòdù tó tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ sì fi àyè funfun sílẹ̀ yí i ká, kó fẹ̀ tó àpótí kékeré mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ya dìsáìnì kì í gbọ́ eléyìí. Wọ́n á ki àwòrán ẹja àti ìràwọ̀ bọ̀ ọ́ títí dé etí, tí fóònù ò bá wá kà á, wọ́n á ní atẹ̀wé ni kò mọ iṣẹ́.

Ọ̀kan tó kù: nígbà tí ẹ bá ń ṣe kóòdù, wọ́n á bi yín bóyá L, M, Q tàbí H lẹ fẹ́. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n wo ló lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kí fóònù ṣì lè kà á. L á gbà tó 7 nínú 100, M 15, Q 25, H 30. Bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí àárín, ẹ mú H, ṣùgbọ́n H á mú kí àpótí inú rẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ tóbi díẹ̀. Tèmi, mo fara mọ́ M, kí ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀.

Bọ̀dá_Kóòdù_Yàbá

Ẹ̀gbọ́n atẹ̀wé ti là á. Ẹ jẹ́ kí n fi ti inú rẹ̀ kún un.

Masahiro Hara àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Denso Wave, ní Japan, ló ṣe QR ní 1994, kí wọ́n lè máa tọpa ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú ilé iṣẹ́. Ojú ńlá mẹ́ta tó wà ní igun rẹ̀ ni fóònù fi ń mọ ibi tó dojú kọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ dorí páálí kodò, á ṣì kà á. Ilé iṣẹ́ náà ní kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ máa san owó lọ́dọọdún kí kóòdù yín má baà kú, ẹ rọra bi í léèrè. Kóòdù kì í kú. Líǹkì ló ń kú.

Mo fi owó mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni wọ́n gbé fún mi. Mo lọ sí ojú òpó kan tó ń ṣe kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́, ó dùn, mo fi tẹ ìwé tó pọ̀. N kò mọ̀ pé inú líǹkì tiwọn ni wọ́n ti gbé tèmi wọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹnikẹ́ni tó bá skáànì ìwé ìpè, ojú ibi tí wọ́n ti ń sanwó ló ń bá pàdé. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta! Ìyá ìyàwó pè mí, n ò lè kọ ohun tí wọ́n sọ síbí.

Nítorí náà, ẹ ra orúkọ ojú òpó tiyín, kò wọ́n. Inú kóòdù, líǹkì kúkúrú lábẹ́ orúkọ yẹn ni kí ẹ fi sí, kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa pinnu ibi tó máa gbé èèyàn lọ. Lónìí ó lè lọ síbi fídíò, lọ́la kó lọ síbòmíràn, páálí ò ní yí padà. Líǹkì tó gùn máa ń mú kóòdù kún ṣìkìṣìkì bí ojú asẹ́. Èyí tó kéré jù, àpótí 21 ní 21 ni; èyí tó tóbi jù, 177 ní 177. Líǹkì WhatsApp tí wọ́n ti kọ "Ẹ káàárọ̀ ma, mo rí aṣọ yín, mo fẹ́ béèrè" sínú ẹ̀, asẹ́ èlùbọ́ nìyẹn.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Haa. Ojú òpó lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lò. Ẹ ṣé gan-an. AR wá ńkọ́? Ibẹ̀ lowó wà.

Àǹtí_Peckham

Àbúrò mi, jókòó kí n sọ tèmi fún ẹ. Gèlè àti aṣọ ni mò ń tà níbí ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo san owó fún ẹnì kan kó bá mi ṣe fílítà gèlè sórí Instagram: o gbójú sí fóònù, gèlè á wé ara ẹ̀ sórí rẹ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹ̀mí wọn. Ìgbà tó yá, Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram, ní àwọn ń ti Spark pa, ìyẹn ohun tí a fi ṣe é. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2025, gbogbo fílítà tí àwọn èèyàn bíi tiwa ṣe lọ. Tèmi náà bá a lọ. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo kọ́lé sí. N ò ní kí o má ṣe AR o, ṣùgbọ́n bi ẹni tó fẹ́ ṣe é pé: bí ilé iṣẹ́ tí ó gbé e lé bá kógbá wọlé, kí ló máa kù lọ́wọ́ mi?

Ohun kejì. Mo fi kóòdù sára páálí mi lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí rẹ̀. Mo rò pé ìtàn ni wọ́n á máa wá. Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń wá! Ṣé ó máa ń ṣí, ṣé kí àwọn fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ṣé ó lè wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ilé ni wọ́n sì ti ń skáànì rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á tán, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ti fífọ̀ ni kó kọ́kọ́ jáde, ìtàn á tẹ̀ lé e.

Ọmọ_Fásitì_Ifẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ mà. AR lórí aṣọ ìbílẹ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo sì jìyà ẹ̀.

Ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, kí fóònù wo aṣọ kó dá a mọ̀ kó sì gbé nǹkan lé e, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé fóònù máa ń wá àwọn ibi tó dá yàtọ̀ nínú àwòrán: igun, etí, àmì tí kò sí níbòmíràn. Aṣọ àdìrẹ wá jẹ́ ibi tí àmì kan náà ti ń padà wá léraléra. Fóònù ò mọ èwo ni èwo. Aṣọ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko dì kó tó wọ aró, tí mo kọ́kọ́ lò, òbìrípo kan náà láti òkè délẹ̀, ṣe ni àwòrán mi ń fò láti ibì kan sí ibì kejì bí ẹni tí èèrà wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tí mo wá ka ìlànà tí Google kọ fún ARCore, ìyẹn irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ kí fóònù Android gbé AR, wọ́n ti kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí a yẹra fún àwòrán tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìbàdàndùn sàn díẹ̀, torí pé àpótí rẹ̀ yàtọ̀ síra, ọ̀kan ní òpó Mápó àti ṣíbí láàárín wọn, òmíràn ní nǹkan mìíràn. Síbẹ̀ ó ní láti tẹ́jú, kí iná sì tàn dáadáa. Ta ló ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà?

Ohun tí mo padà ṣe ni pé mo fi aṣọ sílẹ̀, mo lo páálí. Páálí kì í ká, mo sì lè ya ohun tó wù mí sí i. Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní kí fóònù dá nǹkankan mọ̀: ẹ gbé aṣọ náà sórí ojú òpó pẹ̀lú model-viewer, ti Google ni, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn á tẹ bọ́tìnnì kan, aṣọ á hàn lára ògiri ilé rẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an. Oríṣi fáìlì méjì ló ń lò, GLB fún Android, USDZ fún iPhone. Ẹni tó fẹ́ fi àdìrẹ ṣe kọ́tìnnì tàbí tó fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri á jẹ àǹfààní ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rán bùbá, kò wúlò fún un.

Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo Android ló ní ARCore. Àwọn fóònù owó pọ́ọ́kú tó pọ̀ lọ́jà wa ò ní in. Fún irú wọn, ẹ jẹ́ kí fídíò kékeré jáde dípò rẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀ má sì wúwo, dátà wọ́n.

Ìyá_Ìbejì

Bí ó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ kó tó ṣí, mo ti fi fóònù sínú báàgì.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Iṣẹ́ ọnà ni mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ mi aláàdìrẹ, ìbéèrè kan ni mo ní: kí ló dé tí Mápó máa dìde lórí aṣọ?

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn. Obìnrin tó ya òpó rẹ̀ sórí aṣọ, ó rí ilé tuntun lórí òkè, ó lọ sílé, ó yà á bó ṣe wà lójú tirẹ̀, ó sì fi ṣíbí sí àárín òpó nítorí pé ó wù ú. Àwòrán tirẹ̀ nìyẹn. Bí o bá wá gbé fọ́tò ilé náà lé e lórí, ohun tí ò ń sọ fún oníbàárà ni pé èyí tí ìyá yà kò tó. Fi ohun tí aṣọ kò lè fi hàn án hàn án. Mo fẹ́ rí aṣọ funfun, kí n rí ìyẹ́ adìyẹ tó ń fi ẹ̀kọ yà á. Kí n rí i bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tó di búlúù lójú wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọ àdìrẹ ò tíì rí ìyẹn rí láyé wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ èyí tó ń ti Ṣáínà bọ̀ kò sì ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ láti fi hàn.

Ọmọ_Fásitì_Ifẹ̀

Bàbá, ẹ ti yanjú ẹ̀! Ìyẹn kò tilẹ̀ le láti ṣe. Páálí ni fóònù á dá mọ̀, fọ́tò mẹ́rin ibì kan náà lára aṣọ á jáde lórí rẹ̀, èèyàn á máa fi ìka fà á láti funfun dé búlúù. Kò nílò ilé tó ń dìde. Bí fóònù ò bá gbé AR, fọ́tò mẹ́rin yẹn náà á jáde lásán.

POS_Mọ́kọ́lá

Mo fẹ́ bá yín dá sí ti ojúlówó yẹn, torí ibẹ̀ ni àǹtí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo yín sì ti gbàgbé ẹ̀. Kóòdù QR kì í ṣe ẹ̀rí ojúlówó rárá. Ẹni tó bá ní fóònù lè ya tiyín, kó tẹ ẹgbẹ̀rún, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ Ṣáínà. Bó bá skáànì, ojú màmá yín ló máa jáde, ẹ ti wá bá a polówó ọjà rẹ̀.

Ẹ wo bí NAFDAC ṣe ṣe é lára oògùn láti 2010. Wọ́n bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, ẹ máa ha á kí ẹ tó rí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí 38353. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rí i kó tó dọ́wọ́ yín. Agbára rẹ̀ wà nínú bíbò yẹn.

Ṣùgbọ́n tiyín rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ lẹ fi ń ṣe é. Kò sí àdìrẹ ọwọ́ méjì tó jọra délẹ̀. Ẹ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ya fọ́tò igun kan lára rẹ̀, níbi tí ẹ̀kọ ti sán, kí fọ́tò yẹn máa jáde bí wọ́n bá skáànì kóòdù. Oníbàárà á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú sísán bá bá ara mu, ó tán. Ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú á ní láti sán ẹ̀kọ sí ibi kan náà gẹ́lẹ́, á kúkú lọ kọ́ṣẹ́ àdìrẹ.

Ọ̀kan sí i: ẹ má fi kóòdù owó àti kóòdù ìtàn ṣe ọ̀kan náà. NQR tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, gbé jáde ní 2021 wà fún owó, ẹ gbé e sí ibi tí ojú yín ti ń tó o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ní Texas, àwọn ọlọ́pàá rí sítíkà QR ayédèrú tí àwọn jìbìtì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń san owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn onímọ́tò ń sanwó, kò dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Láràárọ̀ tí ẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi èékánná họ tiyín wò. Bí ó bá nípọn jù, ẹnì kan ti lẹ tirẹ̀ lé e.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ọ̀rọ̀ igun tó sán yìí, mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní "Ṣé ẹ kò mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń dá tèmi mọ̀ láàárín ti gbogbo ará àdúgbò nìyẹn láti ìgbà èwe?"

Ìṣòro kan: bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sókè, ẹnu wọn á pa dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò gbọ́.

Àǹtí_Peckham

Fi kámẹ́rà sílẹ̀. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró kó máa gba ohùn wọn, kí o wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí inú á bí wọn sí. Bíi "Màmá, ṣé kò sí bí a ṣe lè lo aró inú ike dípò èlú?" Wàá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe máa jáde.

Bọ̀dá_Kóòdù_Yàbá

Kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Ohùn lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ dátà. Ẹ tún kọ líǹkì náà sí abẹ́ kóòdù ní lẹ́tà tó hàn. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ti fọ́ á tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

N ò gba iṣẹ́ olówó ńlá yẹn. Mo ra orúkọ ojú òpó, ọmọ Fásitì bá mi ṣe ti fọ́tò mẹ́rin (Ọlọ́run á fi iṣẹ́ gidi pàdé ẹ̀), ẹ̀gbọ́n Ṣómólú tẹ páálí àádọ́ta fún mi. Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ló kọ́kọ́ ń jáde, igun tó sán tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni fọ́tò mẹ́rin àti ohùn màmá. Mo kó fóònù gbogbo àwọn tó wà ní ìlà wa jọ láti dán an wò. Fóònù méjì kọ̀ lábẹ́ oòrùn nítorí pé mo fi náílọ́ọ̀nù dídán bo páálí, mo ti ṣí i kúrò. Obìnrin kan láti Lẹ́kí fi igun tó sán wé tirẹ̀ níwájú mi, ó fà á títí dé búlúù ní ìgbà mẹ́ta, ó ra ọ̀pá márùn-ún, kò bi mí léèrè ojúlówó.

Ìbéèrè Àǹtí Peckham lórí aró inú ike ṣiṣẹ́ jù! Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni màmá fi bínú, mo gé e sí méjì. Àmọ́ wọ́n ti gbọ́ ọ lórí fóònù aládùúgbò wa, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn àwọn, àti pé àwọn gbàgbé dárúkọ ìyá tó kọ́ àwọn níṣẹ́. Wọ́n ní a máa tún un gbà ní àárọ̀ ọ̀la, kí iná tó lọ. Páálí mẹ́rìndínlógún ti jáde sí ìta. Bọ̀dá Kóòdù, ọ̀rọ̀ líǹkì tiwa yẹn ni mo fẹ́ bi yín: ibo gan-an ni mo ti máa pààrọ̀ rẹ̀?